Ohun Tí Ará Gánà Sọ Lẹ́nu Géètì

Nígbàkígbà tí mo bá rántí àkókò yẹn, òwú ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe òwú tí wọ́n ti ran, bí kò ṣe èérún rẹ̀ fúlẹ́fúlẹ́ tó máa ń fò káàkiri nínú ilé-iṣẹ́ aláṣọ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Á bà lé irun wa, á bà lé ìpéǹpéjú wa, títí gbogbo wa á fi dà bí arúgbó kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí oòrùn bá gba fèrèsé òkè wọlé, èérún òwú náà á máa tàn, á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bíi pé kò ní ibì kankan í lọ. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé a kì í gbọ́ ohùn ara wa. Ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ díẹ̀, ariwo náà á di ìdákẹ́jẹ́ létí wa, kálukú á wá máa ro èrò tirẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Àwòrán àwọn tó du ipò ṣì wà lára ògiri láti Agége títí dé Ọgbà, òjò sì ti ń fọ ojú wọn dànù díẹ̀díẹ̀. Ọmọge ni mí. Èkìtì ni mo ti wá, ilé àbúrò bàbá mi ni mò ń gbé, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé mi ò ní fi ẹ̀rọ òwú gbó. Mo fẹ́ di taípíìsì. Mo fẹ́ jókòó sídìí tábìlì, kí fáànù máa fẹ́ sí mi lára.

Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó kángun sí tèmi. Wọ́n jù mí lọ dáadáa, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè wọ́n, ohun tí màá sì máa pè wọ́n níbí náà nìyẹn. Wọ́n pupa, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sì í fi ìkánjú ṣe nǹkan kan. Aago ọkùnrin kan wà lápá wọn. Ó tóbi jù fún ọrùn-ọwọ́ wọn, wọ́n máa ń tì í gòkè títí á fi há sí ìdajì apá. Bí ẹ̀rọ bá dúró, tí gbogbo wa ń sinmi, mo máa ń rí i tí wọ́n á gbé apá náà sétí, tí wọ́n á di ojú.

Ọkọ wọn ló ni aago. Fítà ni ọkùnrin náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Nígbà ìjọba ológun ló bá ọkọ̀ lọ sí Gàbọ̀n, ó ní òun á ránṣẹ́ wá mú ìyàwó òun bí òun bá ti rójú. Ọlọ́run kò tíì fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n nìkan ló kù sínú yàrá kan ní Agége. Ìròyìn kò dé fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kan, ará Gánà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ wá bi ènìyàn títí tó fi dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ wa. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, Òyìnbó ló ń sọ. Ó jíṣẹ́ fún Ẹ̀gbọ́n, ó bọ́ aago fún wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí n tó débi iṣẹ́ nìyẹn ti ṣẹlẹ̀.

"Kí ló wá sọ, Ẹ̀gbọ́n?" Mo bi wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún mi.

"Ó ní ọkọ mi ti kọjá lọ síwájú," ni wọ́n dáhùn. "Gàbọ̀n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ó ti kọjá ibẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ṣùgbọ́n ó rántí mi. Ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́."

Gbogbo wa la mọ ìtàn yìí. Bí a bá jókòó jẹun lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́, àwọn obìnrin á máa bá ara wọn jiyàn pé níbo ló lè dé báyìí. Ẹnì kan á ní Kóńgò. Ẹnì kan á ní bóyá ó ti dé ìlú Òyìnbó pàápàá. Ẹ̀gbọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á máa gbọ́ bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n rí pé báwo gan-an ni ará Gánà ṣe pe ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Òyìnbó fún àwọn àgbà nílé-ìwé kan lọ́nà Ọgbà, mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi náà ń lọ."

"Ẹ̀yin? Kí lẹ fẹ́ fi Òyìnbó ṣe?"

"Bí mo bá dìde pé mò ń wá ọkọ mi lọ, ṣé mi ò ní béèrè ọ̀nà ni?"

Ilé-ìwé tí ìjọba tuntun sáré kọ́ ni. Ògiri rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, afẹ́fẹ́ ń gba ibi tó wù ú wọlé. Bí a bá ṣe iṣẹ́ àárọ̀, a máa ń rìn lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ tòun ti òwú lórí, a máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, orúnkún wa á sì yọ gọnbọ. Àwa bíi mélòó kan ni: káfíńtà kan wà níbẹ̀, ìyá kan tó ń ta bàtà, àwọn méjì tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, àti àwa aláṣọ. Òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan nílé-iṣẹ́ kan nítòsí máa ń gba orí ògiri kúkúrú yẹn wọlé bá wa, ebi á máa pa wá, oorun á máa kùn wá. Ohun gbogbo níbẹ̀ rí lójú mi báyìí bí ohun tí èèyàn lá lálàá ọ̀sán.

Tíṣà wa ti fẹ̀yìn tì. Ará Èkìtì ni àwọn náà, ohùn wọn jọ ti bàbá mi. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi wá, Tíṣà mi orí.

"Ìyá, èdè Faransé ni wọ́n ń sọ ní Gàbọ̀n o."

"Tíṣà, ẹ kọ́ mi ní èyí tí ẹ mọ̀ ná," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà Ìbàdàn, kò ní pẹ́ mọ ti Ọ̀yọ́."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn.

Lẹ́yìn tí a ti kọ́ bí a ṣe ń kíni àti bí a ṣe ń bèèrè nǹkan, Tíṣà mú wa dé orí ọ̀rọ̀ kan tó pẹ́ lọ́wọ́ wa púpọ̀. Wọ́n ní, "Òyìnbó ní àrà kan. Bó bá ti sọ ohun tí èèyàn ṣe tán, á tún fi ọ̀rọ̀ kékeré kan tì í nídìí. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, nítorí òun ló máa sọ fún yín bóyá nǹkan ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ."

Wọ́n ní àwa náà ní irú rẹ̀, a kàn kì í kíyè sí i ni. A ń sọ pé sá lọ, jù nù, yọ kúrò, já bọ́. Wọ́n ní kí a máa mú wọn wá. Ó wá di eré láàárín wa. Káfíńtà ní "gé kúrò," oníbàtà ní "bọ́ sílẹ̀," èmi ní "gbá dànù," nítorí òwú tí mò ń fi ọwọ̀ gbá nídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́ "take off," ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra ní pápákọ̀ Ìkẹjà, ó gba orí òrùlé wa kọjá. Tíṣà dákẹ́, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n jẹ́ kó lọ tán. Wọ́n ní, "Ẹ rí i? Ó ti gbéra nílẹ̀. Take off." Wọ́n wá ṣí fìlà orí ara wọn: "Èyí náà, take off."

"Ṣé fìlà náà ń fò ni, Tíṣà?" Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

A rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta fi wá yọjú wò wá.

Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó sì ti dá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wá yọ, ilẹ̀ ń rú èéfín, gbogbo ayé pọ́n bí epo. Tíṣà kọ "away" gàdàgbà sí pátákó. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú rẹ̀, wọ́n á nù ún, wọ́n á kọ òmíràn, ṣùgbọ́n "away" kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n kọ "run," a ní olè sá lọ. Wọ́n kọ "wash," a ní àgbàrá gbé e lọ. Wọ́n kọ "fade," wọ́n ní ohun tó ń rọra parẹ́ lójú ni.

"Bí aró tí kò mú aṣọ dáadáa," Ẹ̀gbọ́n sọ.

"Ẹ ṣeun, Ìyá! Bí aró aṣọ gẹ́lẹ́." Tíṣà nu "fade," wọ́n kọ "pass." "Ta ló mọ èyí?"

Ẹ̀gbọ́n ló yára nawọ́. Mo rántí pé ojú wọn ń dán. "Ó kọjá, Tíṣà! Bí rélùweè ṣe máa ń kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Pásì awéè. Ó kọjá lọ síwájú."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Inú wọn dùn, bí inú tíṣà ṣe máa ń dùn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bọ́ sínú àṣìṣe tó dára láti fi kọ́ni.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. Àwa kì í ya ẹnu sọ pé àgbàlagbà kú. A ní ó papòdà, a ní ó jáde láyé. Ti Òyìnbó náà nìyí. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan 'passed away,' ẹni náà ti kú."

Ẹ̀gbọ́n dìde dúró. Wọn kì í dìde tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, jíjókòó ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́. Kò lè jẹ́ pé ẹni náà kàn kọjá lọ síbòmíràn?"

"Rárá o. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ nípa èèyàn, kò sí ibòmíràn mọ́."

"Tí wọ́n bá wá sọ fún obìnrin pé, 'Yọ̀ọ́ họ́sìbáǹdì, hí pásì awéè'?"

"Ah, ìyẹn ni pé ọkọ rẹ̀ ti..."

Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ Tíṣà. Àwọn náà mọ ìtàn ará Gánà, ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Mo wo ojú Tíṣà, mo sì rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé wọn. Ìgbà yẹn ló yé èmi náà. Níta, àwọn ọmọ ń pariwo pé ó wọlé, ó wọlé.

Ẹ̀gbọ́n jókòó. Wọ́n tún ìró wọn ṣe lórí orúnkún, wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n sì da ohun tó wà lára pátákó kọ, létà kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń fi sùúrù kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

A rìn padà sí Agége lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Omi òjò wà láàárín irin méjèèjì, ojú ọ̀run sì wà nínú omi náà. Ẹ̀gbọ́n ń lọ níwájú, mò ń tẹ̀ lé wọn.

"Ará Gánà yẹn ṣí fìlà," ni wọ́n wí. "Mo rò pé ooru ló mú un."

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè é. Ó ti pẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè é. Mo máa ń pè é fún ara mi lálaalẹ́ kí n tó sùn. Ṣé n ò mọ 'pásì' ni, tí àwọn kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì ń pariwo ẹ̀? Ṣé n ò mọ 'awéè,' tí fọ́ọ̀mánù fi ń lé wa? Mo so wọ́n pọ̀. Mo ní ó kọjá, ó lọ." Wọ́n dúró. "Ènìyàn wá túfọ̀ ọkọ fún mi, mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, 'Tánkíù, tánkíù.' Mo fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un, mo ní kó jókòó jẹun. Ó ń jẹun, ó ń wò mí. Omi wà lójú rẹ̀, mo ní ata ni."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú, wọ́n ní, "Yéè, irú obìnrin wo ló máa rò pé mo jẹ́?" Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín náà ni ẹkún ti gbà á lẹ́nu wọn. Wọ́n jókòó sórí òkúta wẹẹrẹ ẹ̀gbẹ́ ojú irin, mo jókòó tì wọ́n, mo di ọwọ́ wọn mú. Rélùweè kan kọjá, àwọn èrò inú rẹ̀ ń wò wá láti ojú fèrèsé, ojú wọn rọra ń yí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ pípọ́n yẹn, bíi pé àwọn ló dúró tí àwa ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n náà ní ẹ̀gbọ́n tiwọn, bàbá kan tó ń ránṣọ ní Agége. Mo mú wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ohùn Ẹ̀gbọ́n kò jáde mọ́. Bàbá náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì mọ ibi tó gbé e sí mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe àáfà. Àwọn ará ilé jókòó sórí ẹní, wọ́n ṣàdúà, wọ́n dín àkàrà, wọ́n fi ṣe sàráà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àdúà náà, mo rí i pé aago kò sí lápá Ẹ̀gbọ́n. Ibi tó máa ń há sí ti funfun ju awọ ara tó kù lọ.

Nígbà tí àdúà parí, Ẹ̀gbọ́n bi àáfà pé ọjọ́ wo ni àwọn á bẹ̀rẹ̀ opó.

Àáfà fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. "Ìyá, ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni wọ́n ti ń ka opó, kì í ṣe ọjọ́ tí ìyàwó gbọ́. Ẹ ti ṣe é tán. Kẹ́ ẹ tó mọ̀ ló ti pé."

"Mo ti ṣe opó tán?"

"Ẹ ti ṣe é tán."

"Gbogbo ìgbà tí mò ń dirun, tí mò ń lé tìróò, tí mò ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ máńgòrò?"

"Ẹni tí kò mọ̀, Ọlọ́run kò ní bi í."

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn gbọ́, àwọn sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn á bá ọkọ àwọn jókòó díẹ̀ sí i, nítorí kò sí ẹni tó bá a jókòó nígbà tó kú. Àáfà ní kò burú.

Ọjọ́ kẹta ni Tíṣà dé. Wọ́n rìn wá láti Ọgbà, ojú wọn ti wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, àgbàlagbà náà ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo tún ń rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀gbọ́n dìde kíákíá, wọ́n di apá Tíṣà mú. "Háà, Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á ni? Tí kì í bá ṣe yín, ǹ bá dé Kóńgò kí n tó mọ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ àkàrà."

Tíṣà jókòó. Wọ́n jẹ àkàrà, wọ́n ń sunkún, Ẹ̀gbọ́n ń bu omi fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n kò wá sí kíláàsì fún ìgbà díẹ̀. Níbi iṣẹ́, òwú ń bọ́ lé wa lórí, ṣùgbọ́n lábẹ́ máńgòrò kò sí ẹni tó ń dárúkọ Kóńgò mọ́. Tíṣà alára yí iṣẹ́ padà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ "away" sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ wa ní orúkọ èso àti ẹranko. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tí ojú ọ̀run funfun bí ẹni da lẹ́bú sí i, Ẹ̀gbọ́n wọlé, wọ́n jókòó sí ààyè wọn. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ màálù àti ewúrẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì nawọ́.

"Tíṣà, a kò tíì parí 'away.' Ó ku mélòó?"

Tíṣà wò wọ́n. "Ó kù díẹ̀, Ìyá."

"Ẹ kọ́ wa tán. Mi ò fẹ́ kí ọ̀kan tún pàdé mi lẹ́nu géètì."

Tíṣà nu màálù kúrò lára pátákó, a sì parí rẹ̀.

Èmi ṣe ìdánwò, mo yege, mo sì di taípíìsì ní ọ́fíìsì kan ní Allen Avenue. Fáànù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná kì í sí. Ẹ̀gbọ́n kúrò nílé-iṣẹ́ aláṣọ kó tó di pé wọ́n ti í pa, wọ́n ń ra aṣọ tó ní àbùkù níbẹ̀, wọ́n ń tà á ní Agége. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń tún rédíò ṣe, ti rí wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà fún un. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ ṣèlérí pé kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi láéláé, ọkùnrin náà ní òun kò mọ̀wẹ̀, kí ni òun fẹ́ lọ ṣe lórí omi? Wọ́n bí ọmọbìnrin kan fún un, nígbà tí gbogbo ayé ti rò pé ọjọ́ orí wọn ti kọjá ọmọ bíbí.

Mo lọ kí wọn nílé wọn ní Ọgbà lẹ́yìn tí mo ti ní ọmọ tèmi, mo sì gbé e dání. Wọ́n ti sanra díẹ̀. Ọmọ wọn ń fi ẹsẹ̀ kan fò pẹ́pẹ́pẹ́ káàkiri pálọ̀, wọ́n ń bá a wí, wọn kò sì gbójú sókè níbi ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já. Òjò bẹ̀rẹ̀. A jẹun, a sọ̀rọ̀ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kọ́lé. Rédíò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọkọ wọn ti tú wà lórí tábìlì, ọ̀kan nínú wọn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, a kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n ní kí n má tíì lọ, pé òjò yìí kò ní dá bọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi. Mo fi ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já ẹ̀fọ́, oorun sì gbé mi lọ.